Taya Mẹ́rin fún Ìyá Koko

Ọkọ̀ jíìpù kan yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní ìlú Savalou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Wọ́n so taya mẹ́rin mọ́ orí rẹ̀, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ kan lé orí àga, wọ́n ti fi aṣọ di ẹsẹ̀ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú taya.

Ní àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn, èmi nìkan ni obìnrin tí mo mọ̀ tó ń ta taya ní agbègbè wa. Ìyá Onítaya ni wọ́n ń pè mí. Àwọn oníbàárà kan máa ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkọ mi ń bọ̀. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn.

Ráímì, àkọ́bí wọn, tó ń ta aṣọ ní Bantè, ló ṣàlàyé. Abúlé Koko ni ìyá wọn ń gbé. Egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e wá wẹ egbò náà ní ilé ìwòsàn Savalou. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ń pa á jẹ, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Òjò ti dé, taya ọkọ̀ ẹbí sì ti dán bí orí apárí. Wọ́n wá ṣe é bí a ti ń ṣe tí a bá fẹ́ kan páànù ilé bàbá ẹni: kálukú mú tirẹ̀ wá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò ní ìpín níbẹ̀.

"Ìyá Onítaya, ẹ bá wa fi wọ́n sí i," ni Ráímì wí.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Eyín taya ni ohun tó ń di ilẹ̀ mú. Eyín ti Ráímì tóbi bí àtàǹpàkò, taya ẹrẹ̀ ni, tuntun láti Kútọnu. Ti ẹni tó tẹ̀ lé e jẹ́ taya ìgboro, eyín wẹ́wẹ́. Ti ẹnìkẹta ti ṣiṣẹ́ jìnnà, eyín rẹ̀ ti jẹ. Ti Ràfíátù, àbíkẹ́yìn tó ń dáko ní Atokoligbé, tẹ́ẹ́rẹ́. Ara ọkọ̀ kékeré ló ti wá.

"Kò lè lọ báyìí," ni mo wí. "Taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń wọ́ ọkọ̀ yìí. Bí wọn kò bá ga bákan náà, wọ́n á máa bá ara wọn fà á títí jíà á fi bàjẹ́."

"Ẹ wá èyí tó bá jọ tèmi," ni Ráímì dáhùn. "Tèmi kò ní kúrò lára ọkọ̀ ìyá mi. Àkọ́bí ni mí."

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní kí n má bi ọkọ̀ léèrè, èrò tó jókòó sínú rẹ̀ ni kí n bi. Mo lọ bá ìyá náà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìyá, níbo ló ń ni yín lára jù lọ́nà?"

"Ní Koko, à ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa líle yẹn ló ń pa mí. Tí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n jìgìjìgì, àfi bí ẹni ń gún egbò mi lọ́bẹ."

Taya Ráímì á jáde nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n á gbọn ìyá rẹ̀ títí dé Savalou. Taya ìgboro á rọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n òkúta á la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo yí mẹ́rin jáde nínú irú èyí tó mọ gbogbo ọ̀nà: eyín rẹ̀ kò tóbi jù, kò wẹ́ jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì nípọn. Mo ní kí a ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn mẹ́ta gbà. Ráímì dúró ti taya rẹ̀, kò mì.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá náà sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀: "Ráímì, inú kan náà ni ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá, ẹ ò jọra, mo sì tọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ gùn wá sí Savalou."

Ràfíátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ráímì náà rín in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́. Ó fúnra rẹ̀ yí taya rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì padà wá bá mi di nọ́ọ̀tì.

Gbogbo òjò ọdún yẹn, mo ń rí ọkọ̀ náà tó ń kọjá, ẹrẹ̀ dé fèrèsé. Ọjọ́ tí wọ́n bá pẹ́, mo máa ń jáde lọ wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ráímì nawọ́ sí ìyá rẹ̀, ìyá ti ọwọ́ náà kúrò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá bá mi. Mo sunkún, n kò sì tijú.

Mo ta taya fún oríṣiríṣi ọlọ́kọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Koko nìkan ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá dúpẹ́ taya lọ́wọ́ mi.