Àwọ̀ Tí Oòrùn Ń Ta Sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́

"Ẹ jókòó síbí, Ìyá. Ẹnu ọ̀nà yìí ni atẹ́gùn wà."

Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kàtídírà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ara dí ọ̀nà. Òórùn àbẹ́là àti tùràrí ń ti inú òkùnkùn ibẹ̀ jáde sí wa. Obìnrin àgbàlagbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kò tilẹ̀ wo bẹ́ǹṣì náà. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó ní:

"Ìjókòó tí mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí láyé mi ti tó. Inú ni mo bá yín wá wò."

Ó fà mí lọ́wọ́, a sì gba ẹ̀gbẹ́ Ààrẹ wọlé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìyá yìí kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe ìyá ìyá mi, kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà bíi tiwa. Mùsùlùmí ni. Ilé rẹ̀ ló ṣìkejì tiwa ní Àgbádárìgì, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ìyá Àjàṣẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé Àjàṣẹ́, lódìkejì ẹnubodè, ni wọ́n ti bí i. Èdè Gùn ló kọ́kọ́ gbọ́, ó sì hàn nínú Yorùbá rẹ̀. Kò pè mí lórúkọ rí. "Ovi ṣie" ló máa ń pè mí, ìyẹn ni pé ọmọ mi.

Àkàsà ló ń sè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo ti máa ń gbọ́ igi ìrokà tó ń lu ara ìkòkò, tí òórùn ogì kíkan á sì gba orí ògiri wá bá mi lórí ẹní. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń lọ bá a nu ewé tí yóò fi pọ́n ọn. Ohun tó ń fà mí lọ síbẹ̀ kì í ṣe àkàsà. Àwọn àgbà yòókù máa ń ní kí n yéé béèrè ọ̀rọ̀. Ní tirẹ̀, òun gan-an ló máa ń bi mí. Kí ni tíṣà sọ nípa òṣùpá? Kí ló dé tí omi ọ̀sà fi máa ń pọ́n lóṣù kan, tí á sì mọ́ lóṣù míì? Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, á ní, "Lọ béèrè, kí o sì padà wá sọ fún mi o."

Ọjọ́ kan tí a ń nu ewé ló sọ ti kàtídírà fún mi. Nígbà tó wà lọ́mọdé, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Àjàṣẹ́ ni ìyá rẹ̀ máa ń gbé e jókòó sí pẹ̀lú igbá àkàsà, kó máa tà fún àwọn tó ń ti ìsìn jáde. Ọmọdébìnrin kan wà tó ń lọ sílé ìwé àwọn sísítà, tó máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Ọmọ náà sọ fún un pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn máa ń ta àwọ̀ sílẹ̀: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, bí ẹni da aró sílẹ̀.

"Mo ní irọ́ ni," ni ìyá náà wí. "Ó ní kí n wọlé wá wò ó. Ìyá mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. A ń jiyàn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí bàbá mi fi kó wa wá sí Àgbádárìgì."

"Ẹ̀yin ò wá mọ̀ bóyá òótọ́ ni?"

"N kò mọ̀," ó ní. Ó gbé ewé kan sókè, ó gba ara rẹ̀ wo oòrùn. "Ó ṣì ń jẹ mí lọ́kàn."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá kéde pé àwọn fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì lọ sí kàtídírà yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ sáré gba ẹ̀yìn ògiri lọ sọ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ ilé wa, ó ní kí ìyá mi bá òun gba àyè. Ààrẹ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní bí nǹkan bá ṣe ìyá àgbà lọ́nà, kí làwọn máa sọ fáwọn èèyàn rẹ̀? Ọmọkùnrin Ìyá Àjàṣẹ́ tó ń ta èlò ọkọ̀ ní Mowo náà gbọ́, ó sì bínú wá sílé. Mo ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mo fẹ́ lọ wo nǹkan ni. Kì í ṣe àdúrà ni mo fẹ́ lọ gbà."

"Kí ni àwọn aráàdúgbò máa wí?"

"Jẹ́ kí wọ́n wí i. Bí mo bá dé, èmi náà á wí ohun tí mo rí."

Ìyá mi ló fẹ̀sọ̀ bẹ gbogbo wọn. Ó ní òun á mú mi dání kí n lè máa di ìyá àgbà lọ́wọ́ mú.

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Àwọn ìyá ń kọrin, bọ́ọ̀sì ń jó nínú kòtò, a kọjá Gbaji, a sì pẹ́ gan-an ní Sèmè kí wọ́n tó ní kí a kọjá. Láti ibẹ̀ lọ, èdè Faransé ni wọ́n kọ sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Àjàṣẹ́ kò kọrin, kò sì sùn. Ó gbé ojú lé fèrèsé, ó ń bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbí, kí ni wọ́n kọ sọ́hùn-ún, bí ẹni pé èmi gbọ́ Faransé. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí a tó dé ẹnu ọ̀nà tí Ààrẹ ti ní kó jókòó sí.

Nígbà tí a wọlé, òtútù ilẹ̀ náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Àjà ibẹ̀ ga débi pé ìkọ́ tí ẹnì kan wú dún padà sí wa lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbójú sókè: àwọn dígí aláwọ̀ wà lójú fèrèsé lóòótọ́. Mo wolẹ̀: kò sí nǹkan kan nílẹ̀. Ìyá Àjàṣẹ́ rìn láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, ó tẹ̀ síwájú, ó padà sẹ́yìn. Eérú ni gbogbo ilẹ̀ jọ lójú wa.

Bàbá arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ bi í ní èdè Gùn pé kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó na ìgbálẹ̀ sí ògiri kan.

"Àárọ̀ ni," ó ní. "Apá ìlà oòrùn ni fèrèsé yẹn kọjú sí. Ní ìrọ̀lẹ́, kò sí nǹkan tí ẹ máa rí."

Nígbà yẹn ni dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè lóde. A ní láti tètè padà sí ẹnubodè. Ìyá Àjàṣẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ ọn jù, ó ní, "Ẹ máa lọ. Èmi á sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹbí mi, n óò wá lọ́la."

"Ẹbí wo?" ni Ààrẹ bi í. "Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"N kò mọ̀," ni ìyá náà wí.

Mo rò pé Ààrẹ máa bínú. Ìyá mi náà rò bẹ́ẹ̀, torí mo rí i tó ń bọ̀ kánmọ́kánmọ́ láti wá tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n Ààrẹ jókòó ti ìyá àgbà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wo fèrèsé náà títí.

"Mo ti wá síbí rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan," ó ní. "Ọ̀sán la máa ń dé. Ṣé oòrùn yẹn máa ń ta àwọ̀ sílẹ̀ lóòótọ́?"

"Ohun tí mo wá wò nìyẹn," ni ìyá náà dá a lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ nílé bá bọ́ọ̀sì padà, wọ́n sì gba iṣẹ́ tí wọ́n máa jẹ́ fún ọmọkùnrin Ìyá Àjàṣẹ́ ní Mowo; dírẹ́bà ní òun á padà wá kó wa lọ́jọ́ kejì. Àwa tó kù, Ààrẹ lọ bá fadá sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún wa ní gbọ̀ngàn kan pẹ̀lú ẹní.

Nígbà tí mo jí, Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ Àgùdà ló dúró lágbàlá tó ń da omi sí Ìyá Àjàṣẹ́ lọ́wọ́ fún àlùwàlá. Ìyá náà kírun tán lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, kò tíì dìde tí aago ṣọ́ọ̀ṣì fi dún. Kò jọ aago tiwa nílé. Ìyá Àjàṣẹ́ gbé ìka kan sókè títí aago náà fi dákẹ́.

"Òun náà ni," ó ní. "Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀."

A jókòó sẹ́yìn pátápátá nígbà ìsìn. Orí ni mo ti kọ́kọ́ rí i, orí pípá bàbá kan tó jókòó níwájú wa: ó di búlúù. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ta ìyá náà. Ó ti rí i. Díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí bàbá yẹn, ó gba èjìká rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, pupa sì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé. Ìyá Àjàṣẹ́ dúró títí wọ́n fi parí ìsìn. Lẹ́yìn náà ló lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú pupa. Ọwọ́ tó ń ro àkàsà yẹn, tí iná ti jó, ń tàn bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ààrẹ àti àwọn ìyá yòókù yí i ká, wọ́n ń na ọwọ́ tiwọn náà síbẹ̀ bí ọmọdé.

"Ó kéré," ni Ìyá Àjàṣẹ́ wí.

Lóòótọ́, kò ju ẹní kan lọ. Mo bi í bóyá ó dùn ún.

"Kí ló máa dùn mí? Mo rò pé gbogbo ilé ló máa bò ni. Ó kéré, àmọ́ ó wà." Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà. "Bí mo bá mọ ibi tí ọmọ ilé ìwé sísítà yẹn wà ni, ǹ bá lọ sọ fún un pé mo ti wò ó."

Nígbà tí a dé, ọmọkùnrin rẹ̀ ti dúró sójú ọ̀nà, ó fajú ro. Kò rí àyè bínú. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn kó tó sọ̀ tán nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tó sì ṣe, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà lẹ́yìn ògiri, ó ń béèrè pé, "Búlúù ńkọ́? Ṣé ó pọ̀ ju pupa lọ ni?"

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ìyá Àjàṣẹ́ kú. Wọ́n ti wó ògiri yẹn báyìí, ilé méjèèjì sì ti di ti ẹlòmíì. Èmi ti di ìyá ọmọ, àwọn òbí mi ti darúgbó. Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi ṣàdédé sọ pé òun fẹ́ lọ wo etí omi kan ní Iworo, níbi tí òun ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ló fẹ́ lọ wò níbẹ̀, pé omi lásán ni. Èmi kò bi í bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Mo kàn bi í pé àkókò wo ni ibẹ̀ máa ń dára wò jù lọ, mo sì lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.