Ibi Tí A Sin Bàbá Làsísì Sí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Làsísì kú, màlúù la kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ wa rí lè rò pé ọ̀dájú ni wá, ṣùgbọ́n ọmú màlúù kò mọ ọ̀fọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a kò fún un, á wú, á le, wàrà á sì bàjẹ́ sínú rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo fi orí ti ìhà màlúù, mo ń fún wàrà, mo ń sunkún, mo sì ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omijé má baà kán sínú garawa. Ẹni tó kú náà kò gba ìdọ̀tí nínú wàrà rí.

Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni, níbi tí òtútù ti ń sọ omi di òkúta. Láàsì ni orúkọ tó máa ń pe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀, Làsísì ló sì bọ́ sí wa lẹ́nu. Kò bínú sí i. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Apápá, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe nínú ọkọ̀ náà. Ó sọ fún wa pé ọmọ àgbẹ̀ ni òun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun ló jogún gbogbo oko bàbá wọn, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Òun kò ní ibi tí òun lè gbin ewébẹ̀ sí. Bó ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn, tó gba ilẹ̀ ìjẹko ní Àgídìngbì lọ́wọ́ Bàbá Sàlàkọ́, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà. Ọdọọdún ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un.

Agége ni èmi àti Rájí ọkọ mi ń gbé nígbà náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Òun ń bá wọn ru bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tuntun ní Ìkẹjà, èmi ń wá ohun tí màá máa ṣe. Ẹnìkan wá sọ fún wa pé òyìnbó kan ń wá obìnrin tí yóò máa fún wàrà. Rájí ní irọ́ ni, pé Fúlàní ló ń fún wàrà, òyìnbó wo ni yóò máa wá ọmọ Yorùbá, tó tún wá jẹ́ obìnrin? Mo ní kó jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i.

Abẹ́ màlúù ni mo bá òyìnbó náà. Yorùbá rẹ̀ nígbà yẹn kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, nítorí náà Múdà, ọmọ Ọ̀yọ́ tó jẹ́ olórí àwọn tó ń da màlúù rẹ̀, ló ń bá wa túmọ̀.

"Ṣé o ti fún wàrà rí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹ̀rù màlúù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí gan-an, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rù máa ń ba ìyá òun náà, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ń fún wàrà nílùú àwọn, nítorí ọwọ́ ọkùnrin máa ń le jù. Ó dìde, ó ní kí n jókòó. Ọ̀tún màlúù la máa ń jókòó sí. Òsì ni èmi yà sí. Kí n tó ṣẹ́jú, màlúù ti fi ẹsẹ̀ ta mí, mo bá ara mi nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Múdà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Òyìnbó kò rẹ́rìn-ín o. Ó bu omi fún mi kí n fi ṣan ara, ó ní kí n tún jókòó.

A kì í fa ọmú màlúù bí ẹni ń fa okùn kànga. Àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lo máa fi dí i lókè, kí àwọn ìka yòókù wá máa pa dé tẹ̀ lé ara wọn títí dé ìsàlẹ̀. Ó dùn ún wí lẹ́nu. Apá mi wú, mi ò lè ro àmàlà nílé, Rájí ló ń rò ó. Màlúù kan wà tó máa ń há wàrà mọ́ra bí ahun, àfi ìgbà tí mo bá ń ki oríkì ilé wa fún un ló máa ń tú u sílẹ̀. Múdà á ní, "Àdùkẹ́, o ti sọ màlúù di ẹbí bàbá ẹ!" Ṣùgbọ́n Bàbá Làsísì ní òótọ́ ni, pé àwọn náà ń kọrin fún màlúù nílé. Lẹ́yìn oko yẹn, mo ti ṣiṣẹ́ láwọn oko mìíràn, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin níṣẹ́ yìí títí ọwọ́ mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́, kò sì sí èyí tí mi ò kọ́ ní oríkì mọ́ ọn.

Mo ṣe àṣìṣe tèmi náà. Wàrà àkọ́fún, èyí tí màlúù máa ń mú wá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ti ọmọ rẹ̀ ni. Ó máa ń ki, ó máa ń pọ́n rúsúrúsú. Mo rí i pé ó pọ̀, mo dà á mọ́ tàwọn oníbàárà. Kò pẹ́ tí kúùkù òyìnbó kan fi ti Ìkẹjà gun kẹ̀kẹ́ dé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó gbé ìkòkò dání.

"Ìyá oníwàrà, wàrà lẹ bù fún wa àbí ògì? Mo kàn gbé e kaná ni, ló bá dì!"

Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn. Bàbá Làsísì tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní kí wọ́n bu wàrà tuntun fún kúùkù, ó gba ìyókù àkọ́fún lọ́wọ́ mi, ó fi ṣúgà sí i, ó dà á sínú agolo, ó sè é bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín. Ó pe gbogbo wa jọ, kúùkù náà jókòó. Ó ní bí ìyá òun ṣe máa ń sè é nìyẹn tí màlúù bá bímọ. Ó dùn o! Èmi tí mo ń retí ìlékúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo lá agolo mi mọ́.

Iṣẹ́ tó mú kí gbogbo Àgídìngbì máa wá wò wá ni ti koríko. Bí òjò bá ti ń lọ sílé, á ní kí a gé koríko tútù, á ri òpó mọ́lẹ̀, á ta wáyà láti òpó dé òpó, a ó sì máa fi koríko kọ́ sórí rẹ̀ kó lè gbẹ. Àwọn èèyàn ní òyìnbó ti ń sá koríko bí aṣọ. Ìyá kan bi mí pé ṣé a óò lọ̀ ọ́ tó bá gbẹ. Mo fèsì pé èédú ayọ́ọ̀nù la ń wá. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, tí eegun ń yọ lára màlúù àwọn ẹlòmíì, tàwa ń jẹ koríko wọn ní ìjókòó, kò sẹ́ni tó tún bi wá léèrè ayọ́ọ̀nù mọ́.

Nínú ilé wàrà, láàárín àwa obìnrin, ló ti kọ́ Yorùbá àti ìkíni. Ohun tó kó bá a nìyẹn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé e lọ san ìṣákọ́lẹ̀, bó ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Sàlàkọ́, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ní, "Ẹ káalẹ́ o, Bàbá." Bàbá Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́.

"Ta ló gbé ìyàwó wá fún mi yìí? Dìde jàre, àyà ni kí o dà délẹ̀!"

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí i lókèèrè, á ní ìyàwó òun ń bọ̀. Bàbá Làsísì tó ẹ̀gbọ́n fún un, irun rẹ̀ ti funfun ju tirẹ̀ lọ. Èdè tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ kò tó nǹkan, síbẹ̀ wọ́n lè jókòó sórí ẹní láti ìrọ̀lẹ́ títí a ó fi tan fìtílà, wọ́n ń jẹ àgbàdo, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

Lọ́dún tó kú, ikọ́ mú un, kò sì fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó sinmi sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà láàárín pápá, ó pè mí.

"Àdùkẹ́, tí mo bá kú, ibí yìí ni kí ẹ sin mí sí. Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí Èkó."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa pẹ́ fún wa."

"Nílé bàbá mi, wọn ò fún mi ní ilẹ̀. Ibí ni wọ́n ti fún mi."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà bí a ṣe ń dá aláìsàn lóhùn, mi ò ro ohun tó wà nínú rẹ̀. Àlejò tó gba ilẹ̀ dáko lè gbìn, ó lè da ẹran, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sin òkú síbẹ̀, nítorí ojú oórì ni ẹ̀rí ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìjà ilẹ̀ bá dé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹ ni ibi tí oórì bàbá ẹ wà. Lásìkò yẹn sì rèé, àwọn ilé iṣẹ́ ń wá ilẹ̀ káàkiri Ìkẹjà, ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́ tirẹ̀ lójú méjèèjì.

Bí mo ṣe parí wàrà fífún láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, Múdà ránṣẹ́ sí òyìnbó kan ní Apápá tí òun àti Bàbá Làsísì jọ wà nínú ọkọ̀ rí. Èmi gba ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlàkọ́ lọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n jókòó.

"Wọ́n á gbé e lọ sí Èkó?"

"Ó ní abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni kí á sin òun sí, Bàbá."

"Rárá."

"Bàbá, ẹ ṣàánú wa."

"Àdùkẹ́, àlejò kì í sin òkú sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Tí mo bá gbà lónìí, lọ́la àwọn ará rẹ̀ á ti òkè òkun dé, wọ́n á ní ibi tí èèyàn àwọn sùn sí ni, ilẹ̀ àwọn ni. Kí ni màá wí fún àwọn ọmọ mi?"

"Kò bímọ. Kò ní ará kankan tí a mọ̀."

"Kò sí òkú tí kì í ní ará, tí ilẹ̀ bá ti wà níbẹ̀."

Mo dìde. Mo bú u nínú mi ní gbogbo ọ̀nà. Mo ní àwọn onílẹ̀ yìí, ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ èèyàn.

Lẹ́yìn ọ̀sán ni lọ́rì Apápá dé pẹ̀lú pósí. Èèyàn dáadáa ni òyìnbó tó bá a wá. Ó ní ibi ìsìnkú wà l'Ékòó fún irú àwọn, wọ́n á sì sin ín dáadáa. Mo sọ ohun tí olóògbé wí, Múdà túmọ̀ rẹ̀. Ó mi orí, ó bèèrè ta ló ni ilẹ̀, mo ní Bàbá Sàlàkọ́ ni, àti pé kò gbà. Wọ́n gbé pósí sókè. Ìgbà yẹn la rí Bàbá Sàlàkọ́ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Níbo lẹ ń gbé ọmọ mi lọ?"

Múdà túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó wo Bàbá Sàlàkọ́, ó wo pósí. "Ọmọ rẹ̀?"

"Sọ fún un pé ọmọ mi ni. Mo ti pe ẹbí jọ, a ti sọ ọ́ lórúkọ. Àjàní ni. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ la máa sin ín sí."

Òyìnbó náà ní òun kò mọ ẹlòmíì tó ń pe òkú náà ní tirẹ̀. Ó ṣí àkẹtẹ̀ lórí, ó ní kí wọ́n gbé e padà.

Ayọ̀ mú wa, a sáré lọ gba ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Bàbá Sàlàkọ́ kígbe.

"Ẹ dúró! Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fọwọ́ kan ọkọ́. Ọmọ ilé ló ń gbẹ́lẹ̀ fún ọmọ ilé."

Ó dùn mí. Àwa tí a bá a jí, tí a bá a sùn, a ò ní lè da ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan sí i lára. Ó wá yé mi. Bí àwa àlejò bá gbẹ́ ẹ, oórì àlejò ni. Bí ẹbí bá gbẹ́ ẹ, oórì ẹbí ni, ẹ̀rí ilẹ̀ wọn sì tún ti lé kan.

Mo sọ fún Múdà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "O rí ọgbọ́n àgbà? Ó fi òkú de ilẹ̀ rẹ̀."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ, Àdùkẹ́."

Nígbà tí kòtò jìn tó, a tò tẹ̀ lé pósí lọ sí abẹ́ igi. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a débẹ̀, Bàbá Sàlàkọ́ dúró. Òyìnbó Apápá bojú wẹ̀yìn, ó nawọ́ sí i pé kó bọ́ síwájú, nítorí òun ni bàbá òkú. Bàbá Sàlàkọ́ mi orí.

"Múdà, bá mi sọ fún un. Bàbá kì í fojú rí ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀."

Ó yí padà, ó sì kọrí sílé, kò wẹ̀yìn. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bó bá jẹ́ torí ilẹ̀ nìkan ni, òun ló yẹ kó dúró ní etí kòtò kí gbogbo ayé lè rí i. Nínú gbogbo ẹbí, òun nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ojú tì mí níwájú Múdà.

Nígbà tí wọ́n parí, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Bí arúgbó bá kú, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" la máa ń kí àwọn èèyàn rẹ̀, ohun tí mo sì gbé sẹ́nu ní gbogbo ọ̀nà nìyẹn. Mo bá a lórí ẹní, òun nìkan, kò dé fìlà. Ìkíni náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kí ẹni tí ọmọ kú fún.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín, ọmọ mi," ló wí. Ó sún díẹ̀, ó fún mi láàyè lórí ẹní.