Sáà Béésìbọ́ọ̀lù Tí Mo Fi Sùtánà Wò

Ìbọ̀wọ́ kan ló kọ́kọ́ wọlé wa. Ọmọ mi obìnrin ló rà á, ó gbé e sórí tábìlì ìdáná, ó sì wọ balùwẹ̀ lọ. Awọ ni wọ́n fi ṣe é, ó nípọn, ó tóbi bí etí erin. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá nǹkan tó dáa tí mo lè fi máa gbé ìkòkò kúrò lórí iná, mo bá ní Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi nìyí. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fi gbé ìkòkò mọ́ínmọ́ín sọ̀kalẹ̀. Ooru kankan ò kàn mí. Mo ṣì ń ṣàdúrà fún ọmọ mi lọ́wọ́ nígbà tó jáde, tó figbe ta.

"Mọ́mì! Kí lẹ fi ń ṣe?"

"Mọ́ínmọ́ín ni. O ṣeun gan-an o. Ìwọ náà á rí ẹni máa ra nǹkan fún ẹ."

"Mi ò rà á fún yín o! Ìbọ̀wọ́ tí mo fẹ́ máa fi ṣeré ni!"

Títí sáà eré yẹn fi parí, òórùn mọ́ínmọ́ín ò kúrò lára ìbọ̀wọ́ náà. Ó ní bí òun bá gbé e bo ẹnu láti sọ̀rọ̀ àṣírí fún àwọn ẹgbẹ́ òun, ebi ló máa ń kọ́kọ́ pa òun.

Ọmọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Dókítà sọ fún un pé kó wá nǹkan kan tí á máa sáré tẹ̀ lé. Èmi rò pé ọkọ ni. Ó bá lọ wọ ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n máa ń ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday ní pápá Parsloes, tí kò jìnnà sílé wa níbí nílùú òyìnbó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń bọ̀ ní Barking. Aláṣọ-funfun ni wá, a kì í sì í wọ bàtà mọ́ sùtánà. Bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì báyìí, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi wọ pápá. Mo wo àárín àwọn èèyàn tí wọ́n ń pariwo, mi ò rí ọmọ mi. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí i lọ́hùn-ún réré, lẹ́bàá igi, òun nìkan, ó fọwọ́ lérúnkún bí ẹni tí wọ́n lé kúrò láwùjọ.

Inú bí mi. Mo bi wọ́n léèrè ta ni ọ̀gá wọn, wọ́n nawọ́ sí òyìnbó fìrìgbọ̀n kan tó pá lórí. Ọkùnrin yìí ń gbé ní Marks Gate, iṣẹ́ gíláàsì fèrèsé ló ń ṣe. Ó máa ń sọ pé eré náà ò lè ṣe òun ní jàǹbá, torí fèrèsé tí bọ́ọ̀lù bá fọ́, òun náà ni wọ́n máa pè.

Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Kí lọmọ mi ṣe fún yín tí ẹ fi lé e lọ sídìí igi?"

Ó wo sùtánà mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wá rọra ṣàlàyé pé ipò rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnìkan bá gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, òun ló máa lọ hán an.

"Ṣé bọ́ọ̀lù máa ń dé ọ̀hún yẹn?"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Áńtì, nínú ẹgbẹ́ tiwa, ó máa ń dé ọ̀hún gan-an."

Ó jókòó tì mí, ó sì là mí lóye. Èèyàn á dúró síbì kan tí wọ́n ń pè ní ilé, á mú kóńdó lọ́wọ́. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sí i, á fi kóńdó gbá a, á sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ibùdó mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà, ó lè dúró sinmi níbẹ̀, àmọ́ bí kò bá padà délé, kò tíì jẹ ayò kankan.

Mo ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Kéèyàn ṣáà ti jáde nílé, kó lọ ire, kó bọ̀ ire?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Mo ti ń gba àdúrà yẹn kí wọ́n tó bí ẹ." Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀yìn wọn nìyẹn.

Ká má parọ́, ẹgbẹ́ wa ò dáa. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, ibi iṣẹ́ alẹ́ ló sì máa ń gbà wá tààrà. Bó bá fi máa jù ú bí ìgbà mélòó kan, oorun á ti kún ojú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í yára, gbẹ̀rẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ ló máa ń rìn, bí ẹni ń lọ kí àna. Àwọn tó fẹ́ gbá a á ti ráàyè nu imú kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá sì gbá a tán, ọmọ mi ló máa ń sáré lọ wá a nínú igbó. Dókítà rẹ̀ ì bá dunnú.

Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, wọ́n ń nà wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín pọ́fùpọ́fù lọ fún wọn kí ọkàn wọn má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀tá náà fi gbọ́, wọ́n á ti tètè dé. Wọ́n á jẹ pọ́fùpọ́fù mi tán, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á wá lọ na ọmọ mi.

Ọkọ mi ò bá wa dá sí i. Ọmọ Èkìtì ni, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló gbà gẹ́gẹ́ bí eré. Ẹgbẹ́ tó ń tẹ̀ lé ti dá a lágara débi pé bí wọ́n bá ti ń já wálẹ̀ lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sókè. Síbẹ̀, bí a bá wọlé lọ́jọ́ Sunday, á gbórí sókè lórí àga.

"Wọ́n tún nà yín?"

"Wọ́n gbìyànjú."

"Ìgbìyànjú kì í wọ tábìlì."

Ọjọ́ kan wá dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn mú, bí ẹni pé Ìbàdàn la wà. A ṣe ìdúpẹ́ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ náà, sùtánà tuntun ni mo wọ̀. Mo ti fi búlúù fọ̀ ọ́, mo ti fi sítáàṣì sí i, ó ń kọ mànà. Mo rí i pé òùngbẹ á ti máa gbẹ ọmọ mi lọ́hùn-ún, mo bá gbé omi tútù, mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá yípo, mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú oòrùn.

Iṣẹ́ ìyanu bá bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó fẹ́ gbá a fi kóńdó gbá afẹ́fẹ́. Ó tún jù ú, onítọ̀hún tún gbá afẹ́fẹ́. Òmíràn bọ́ síbẹ̀, ńṣe ló ń ṣẹ́jú pàkòpàkò bí ẹni tí ata kó sí lójú. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún un wò. Oorun dá lójú rẹ̀. Bó bá kan àwa láti gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ mi á padà wálé, èmi náà á tẹ̀ lé e. Bí a bá tún padà síbi ipò rẹ̀, àwọn ọ̀tá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá afẹ́fẹ́. A ń borí! Mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń kọrin ọpẹ́.

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá àwọn ọ̀tá lọ bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Rẹfirí yìí, bàbá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá bá mi láti òpin pápá kejì. Gbogbo ayé dúró dè é.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, aṣọ yín ni."

"Kí ló ṣe aṣọ mi?"

"Ó funfun."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Bọ́ọ̀lù náà funfun. Bí ẹ bá dúró síbí, àwọn tó ń gbá a ò rí i mọ́. Wọ́n ní àfi bí ẹni pé inú aṣọ yín ló ti ń yọ. Ṣé ẹ lè bọ́ ọ?"

"Bọ́ kí ni? Níta gbangba? Aṣọ mímọ́ ni o!"

Ọmọ mi ti fi ìbọ̀wọ́ bo gbogbo ojú. Ọ̀gá wa ló sáré mú ẹ̀wù òjò rẹ̀ dúdú wá, mo wọ̀ ọ́ lé sùtánà, ó bò mí títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí mo ṣe so bọ́tìnnì rẹ̀ báyìí ni ojú àwọn èèyàn yẹn là. Bọ́ọ̀lù ń fò bí eéṣú. Wọ́n nà wá.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ẹgbẹ́ yẹn, èmi nìkan ni mo mọ eré ṣe.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra ní, "Áńtì, ṣé ẹ ò ní lọ kí ọmọ yín lọ́hùn-ún lónìí?"

Mo ní, "Ibí ni mo máa jókòó sí. Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú."

Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Láti ọjọ́ náà lọ, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, rẹfirí máa ń kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ funfun kò gbọdọ̀ dúró ní òpin pápá. Gbogbo wọn á yíjú wò mí, èmi náà á sì juwọ́ sí wọn.

Ohun tó gbé ọkọ mi wá sí pápá ni pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ fún ìsinmi. Tẹlifíṣọ̀n ṣófo, ilé sú u. Ó ní òun kàn fẹ́ bá mi gbé kúlà ni, òun ò ní dúró. Ó gbé kúlà sílẹ̀, ó jókòó lé e. Kò pẹ́ tó fi dìde.

"Ọfusáìdì! Rẹfirí, ọfusáìdì nìyẹn!"

Mo ní, "Dádì, kò sí ọfusáìdì níbí."

"Eré wo ni kò ní ọfusáìdì?"

Ẹgbẹ́ tó wà lókè tábìlì ni à ń bá ṣeré lọ́jọ́ náà, ìyàlẹ́nu sì ni pé ọ̀mì la jọ wà títí eré fi fẹ́ parí. Ó wá kan ọmọ mi láti gbá bọ́ọ̀lù. Géńdé kan tó ga bí òpó iná ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà ò wọ́nà, gbàmù, itan ọmọ mi ló bá. Ọmọ mi dojú bolẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo káṣọ sókè, mo ya wọ pápá. Ibi tí mo ti ń sáré ni ọkọ mi ti ré mi kọjá.

"Ta ló jù ú? Ta ló sọ òkò lu ọmọ mi?"

Géńdé yẹn sá sẹ́yìn rẹfirí. Ọmọ mi gbórí sókè nílẹ̀.

"Dádì! Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà! Àǹfààní ni fún wa! Wọ́n máa jẹ́ kí n rìn dé ibùdó àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́!"

Ọkọ mi ní, "Ọ̀fẹ́ wo? Wọ́n lù ẹ́, o ń sọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́?"

Rẹfirí lé e jáde. Ọkọ mi, tí kò bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, tí kò mọ òfin kan ṣoṣo nínú eré náà, ni wọ́n lé kúrò lórí pápá. Ó lọ dúró lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́yìn àwọn igi, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ tó ń fi èdè Èkìtì bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ pé rẹfirí ò gbọ́.

Nọ́ọ̀sì ló kàn. Mi ò rí i kó gbá bọ́ọ̀lù kan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ó di ojú, ó fì kóńdó fìrì, a gbọ́ "kàù!" Bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹnìkan lọ, ó ń yí lọ sọ́nà igi. Ọmọ mi gbéra. Ó ń tiro, ó ń sáré. Ó dé ibùdó kejì, kò dúró. Lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, bàbá rẹ̀ náà ti gbéra, ó fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó ń bá a sáré láti ìta.

"Máa bọ̀ nílé! Má wẹ̀yìn! Máa bọ̀ nílé!"

Ó kọjá ibùdó kẹta, ó bẹ́ gìjà, ó fi àyà wọ́lẹ̀ wọlé, eruku sọ. Rẹfirí na apá rẹ̀ méjèèjì sọ́tùn-ún sósì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá nawọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé kò sí mọ́, ó ti tán. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi tu ọmọ mi nínú nígbà tí ọ̀gá wa gbé mi sókè tòun ti sùtánà, tó ń fi mí pòòyì, tó ń kígbe pé, "Áńtì, ó délé! Ó délé!"

Itan ọmọ mi wú fún ọjọ́ mélòó kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń fi omi gbígbóná jó o, ó ń ké, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó tì wá, ó ní ká tún òfin bọ́ọ̀lù tó ń bani lára yẹn ṣàlàyé fún òun, ó jọ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀.

A ò borí ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ipò kejì láti ìsàlẹ̀ la wà, ọpẹ́lọpẹ́ ẹgbẹ́ kan tó tú ká láàárín sáà. Ọjọ́ tó yẹ ká ṣe eré ìkẹyìn, òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Ọmọ mi ní wọn ò ní ṣe é, ó sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi ní òjò lè dá. A wa mọ́tò lọ. Kò sẹ́nì kankan ní pápá. Omi ti fọ ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà dànù. A jókòó sínú mọ́tò, a ń jẹ míìtì-páì, gíláàsì ń rí húyẹ́húyẹ́.

Ọkọ mi gbọn èérún páì kúrò lára ṣòkòtò.

"Ìgbà wo ni wọ́n tún máa bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn Àjíǹde, bí mo ṣe gbọ́."

Ó fi ọwọ́ nu gíláàsì, ó tún wo pápá náà.

"Ó jìnnà," ló wí.