Káàdì Tí Mo Ná Títí Tó Fi Bọ́

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Àwa mẹ́ta la wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní Onitsha níbí: èmi, ọmọ mi obìnrin, àti ọkùnrin tó ni ọjà. Òórùn òjé gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ gba gbogbo inú ibẹ̀, ó dà pọ̀ mọ́ ti páálí tuntun, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Páàtì ọ̀kadà ni èmi ń tà ní apá Nkpor, ibi tí mo bá sì ti gbóòórùn irin àti ọ̀rá ni ara mi máa ń balẹ̀.

Ìyá ọmọ yìí ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ìwọ náà mọ bí ilé ṣe máa ń rí lẹ́yìn irú ìyẹn. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ èmi lọ sọ́dọ̀ ọmọ, tí yóò sì gbé èsì padà. Nígbà tí kò sí mọ́, "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ló kù láàárín wa. Ọmọ náà ti parí yunifásítì, ó ń dúró kí wọ́n pè é sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn sì ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kó má jókòó sínú ilé tó pa rọ́rọ́. Mi ò fẹ́ kó lọ, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n rà fún un torí ìwé tó parí. Ó ní kọ̀ǹpútà géèmù ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti tò tán, bí kò ṣe èyí tí òun fúnra òun máa ṣa ẹ̀yà rẹ̀, tí òun sì máa tò ó. Mo béèrè bóyá ó ṣeé gbé sínú báàgì. Ó ní rárá, ojú kan ni irú rẹ̀ máa ń wà. Mo ní ká lọ rà á.

Ó ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ṣáájú ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ló fi bá mi sọ ọ́ kó lè yé mi. Ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù ni férémù tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, pírósẹ́sọ̀ ni ẹ́ńjìnnì, gíráfíìkì káàdì ló sì ń ya àwòrán tí ojú ń rí, òun ló wọ́n jù. Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán. Àdúgbò Awada ní Onitsha níbí la bí i sí, Ìgbò ló fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré dàgbà, tí Yorùbá bá sì há a lẹ́nu, á fi Pidgin parí rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Owó ọwọ́ mi kò ká káàdì tuntun, ṣùgbọ́n ó ká tòkunbọ̀, ìyẹn kò sì bà mí lẹ́rù. Nínú iṣẹ́ tiwa, tòkunbọ̀ tó dára sàn ju tuntun tí kò ní láárí lọ.

Káàdì kan ṣoṣo tó sún mọ́ owó wa ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dúdú, ó ní fáànù méjì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ha díẹ̀. Ọkùnrin náà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ojú ọmọ mi tàn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, nítorí ẹni tó ń nájà kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ tàn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

"Alhaji," ọkùnrin náà wí, "no be okporoko you dey price."

Mo fi Ìgbò dá a lóhùn pé ẹni tó ra okporoko, ìyẹn panla, á kúkú rí i jẹ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ofe mmanu! You sabi market pass Igbo man."

Ọbẹ̀ elépo ló pè mí yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń fi àwa Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí kì í bí mi nínú mọ́. Ó já owó náà wálẹ̀, ó kù díẹ̀ kó dé ibi tí mo fẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Mo gbé káàdì náà kalẹ̀, mo dúpẹ́, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a jáde. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń lọ: oníbàárà á máa rìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, olọ́jà á jẹ́ kó rìn díẹ̀, á wá pè é pé kó mú owó wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló máa fara mọ́ iye tẹnì kejì. A rìn, kò pè wá. Ọmọ mi ń bojú wẹ̀yìn.

"Dádì, abeg, ẹ jẹ́ ká padà."

"Má wẹ̀yìn. Ó máa pè."

A rìn dé ìdí obìnrin tó ń ta okpa, oúnjẹ Ìgbò tó dà bí mọ́ínmọ́ín, mo ra méjì, a dúró jẹ ẹ́. Ó gbóná, òórùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi pọ́n ọn ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní ká fún ọkùnrin náà láyè kó rò ó. Ọmọ mi kò jẹ tirẹ̀ ju ìdajì lọ.

Nígbà tí a fi máa padà, ọ̀dọ́kùnrin kan ń jáde bọ̀, ó gbé káàdì náà sínú láílọ́ọ̀nù. Olọ́jà na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Alhaji, I wan call you. But this one no price at all."

Ọmọ mi ń wo ojú tábìlì níbi tí káàdì náà ti wà. Mo sọ nínú ara mi pé Ìbàdàn ti gbà á lọ nìyẹn. Ló bá ní, "Dádì, ẹ ná ọjà títí, ó wọlé onílé." Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Olọ́jà bi í pé kí ló sọ. Ó fi Ìgbò sọ ọ́ fún un, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi wá jókòó sórí àpótí kan, ó tún gbogbo rẹ̀ rò. Ó ní irú pírósẹ́sọ̀ kan wà tó ní ẹ̀rọ àwòrán kékeré nínú ara rẹ̀. Kò lágbára tó káàdì, kò lè gbé géèmù tó bá wúwo, ṣùgbọ́n yóò gbé eré bọ́ọ̀lù àti eré mọ́tò dáadáa. Owó tó bá kù á ra ráàmù méjì dípò ẹyọ kan, á sì ra páwà gidi tó ń pín iná fún un, èyí tí kò ní jóná lọ́jọ́ tí a bá gbé káàdì ńlá lé e.

Mo bi í pé, "Ṣé kì í ṣe pé o kàn ń tù mí nínú?"

"Ẹ wò ó, ojú ibi tí káàdì máa wọ̀ rèé lára mọ́dábọ́ọ̀dù tí a ti ṣà sílẹ̀ yìí. Á ṣófo ná. Tó bá di bí oṣù mẹ́ta sí i, a máa wá òmíràn. Ṣùgbọ́n èmi ni màá ná ìyẹn o."

Oṣù mẹ́ta sí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ọ̀la. Mi ò béèrè Ìbàdàn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ọkùnrin náà gbé pírósẹ́sọ̀ yẹn wá, ó pe iye rẹ̀, mo sì ti ki ọwọ́ bọ àpò nígbà tí ọmọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. "Dádì, ẹ ná a díẹ̀ now."

Lẹ́yìn tí mo kírun Àsárì, a to kọ̀ǹpútà náà sórí ẹní nínú pálọ̀ wa. Èmi ń di tọ́ọ̀ṣì mú, mo sì ń na síkúrù sí i. Ó jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gbé pírósẹ́sọ̀ sáyè rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tó bá kọ̀ tí kò wọlé, a máa ń fi òòlù bá a sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn gbé e lé e." Ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí fáànù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Ká ní olọ́jà pè mí padà ni, ǹ bá gbé káàdì náà délé ní iye tí mo fẹ́, ǹ bá gbé e fún ọmọ mi, kálukú ì bá wọ yàrá rẹ̀ lọ. Èmi àti ọmọ yìí ti pàdánù ohun tó tóbi ju káàdì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ru ú, èmi nínú ṣọ́ọ̀bù mi, òun nínú yàrá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ jọ pàdánù nǹkan kan, tí a jọ dúró síwájú rẹ̀, tí a sì jọ fi rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo yà lọ́dọ̀ káfíńtà àdúgbò wa. Mo ní kó kan tábìlì kọ̀ǹpútà kan fún mi. Ó bi mí bí mo ṣe fẹ́ kó gùn tó. Mo ní kó gba àga méjì. Ó ní ṣé ọmọ mi ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n á jọ máa lò ó ni.

Mo ní rárá, èmi ni.