Kọ̀ǹténà Tí A Gbé Kalẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Tútù

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí a fi tírélà gbé kọ̀ǹténà kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìdèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ló rà á kí a fi ṣe ilé ìkàwé. Èmi ni wọ́n fi ètò ìṣíde lé lọ́wọ́, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni. Mo fẹ́ràn kí nǹkan bọ́ sákòókò.

Kò sí ẹ̀rọ ńlá tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sókè lágbègbè wa. Ọwọ́ àti ọgbọ́n ni àwọn tó ń já ẹrù láti Èrúwà fi ń ṣe é. Wọn á fi jáàkì gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, wọn á to ìtì igi sábẹ́ igun kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ á wá rọra wa tírélà jáde lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á máa yọ igi lọ́kọ̀ọ̀kan títí kọ̀ǹténà á fi balẹ̀. Olórí wọn, èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Olórí wọn fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, ó ní, "Tíṣà, ilẹ̀ yìí ti mumi yó. Ẹ jẹ́ ká sún iṣẹ́ yìí síwájú, kí oòrùn pa ilẹ̀ fún ọjọ́ méjì."

Mo ní, "Ṣé bí o ṣe máa ń sún iṣẹ́ àmúrelé síwájú ní kíláàsì mi náà nìyí?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ẹ yáa na ọwọ́ o, pàṣán ń bọ̀!"

Òun náà rẹ́rìn-ín, ó họ orí. "Kò burú sà. Bí ẹ bá ti wí."

Bẹ́ẹ̀ èmi yìí ni mo máa ń kọ ọ́ sára pátákó pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n àgbà nìkan ni mo rí, èmi sì ni àgbà.

Tírélà jáde láìsí wàhálà. Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Olórí wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan sábẹ́ kí ó lè yọ igi kejì. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń sọ pé jáàkì ló yẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló jìn. Igun kan rì, kọ̀ǹténà fì, ó sì jókòó lé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kò ké. Ohun tó sọ, tí mo ṣì ń gbọ́ nígbàkigbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, ni pé, "Tíṣà, ẹ má bínú."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn oṣù méjì a ṣí ilé ìkàwé náà, ní aago mẹ́wàá gan-an. N kò tíì lè jókòó kàwé nínú rẹ̀ rí.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo sì máa ń lọ kí i nílé. Kò dá mi lẹ́bi rí, ìyàwó rẹ̀ náà kò dá mi lẹ́bi. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn. Bí ó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà báyìí, á fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, á máa gbìyànjú láti dìde kí ó lè dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́ rẹ̀. Èmi arúgbó á sì máa sáré, kí n lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi mí kọ́gbọ́n. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ń bá yín sọ̀rọ̀, tó sì dákẹ́ nítorí pé ẹ jẹ́ àgbà, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi kò bi í.