Mo Bá Yín Wo Ti Kigali, Bàbá Délé

Ó dìgbà o, Bàbá Délé, ó dìgbà tó jìn réré! Ikú dá mi lóró. Ó mú yín lọ nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ohun tí ẹ ti ń retí láti ìgbà èwe yín dé. Ọkùnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí gbogbo ọjà Bouaké nílẹ̀ àjò níbí, níbi tí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá ní Anago, ń pè ní Anago Oníkẹ̀kẹ́, ibo lẹ gbà lọ tí mo fi ń pè yín tí ẹ kò dáhùn?

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́. Táyà, ṣéènì àti pẹ́dà kẹ̀kẹ́ ló ń tà. Àwọn àgbẹ̀ ìlú Botro kì í fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé fúnra rẹ̀ ló máa ń bá wọn dè é, á sì gun kẹ̀kẹ́ náà wò kó tó gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ nìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ìdíje àgbáyé tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ máa ń ṣe lójú pópó lọ́dọọdún, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ nínú ilé wa ní àdúgbò Ahougnansou.

Bàbá Délé, ẹ máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni ń sọ ìtàn ìdílé tirẹ̀. Ẹ ní ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun, pé ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gùn ún. Ẹ ní ẹni tó bá borí ni wọ́n ń fún ní máyò funfun, ìyẹn ẹ̀wù agunkẹ̀kẹ́, tó ní ìlà aláwọ̀ márùn-ún láyà, òun nìkan ló sì lè wọ̀ ọ́ títí ọdún á fi yí po. Ẹ ní ó pẹ́ kí wọ́n tó gba àwọn obìnrin láyè, mo sì dáhùn pé àwọn obìnrin ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé fún àwọn ọkùnrin náà lọ́wọ́ ni. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń húkọ́. Síbẹ̀, bí ẹ bá sọ ọ́ tán, ojú yín á rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ óò ní, “Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ti gbé e dé Amẹ́ríkà, wọ́n ti gbé e dé Japan àti Australia. Wọn ò tíì gbé e wá sọ́dọ̀ tiwa.”

Ẹ̀yin náà ti díje rí nígbà ọ̀dọ́, láti Bouaké lọ sí Botro. Táyà yín bẹ́ lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó dé, wọ́n ti tú okùn ìparí eré, wọ́n ti gbé ife fún ẹni tó borí, èrò sì ti túká. Èmi nìkan, tí ẹ kò tíì mọ̀ rí nígbà náà, ni mo jókòó ti aṣọ tí àǹtí mi ní kí n tà, mo bá pàtẹ́wọ́ fún yín. Yẹ̀yẹ́ ni mo ń fi yín ṣe, ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo fún yín ní máyò. Láti ọjọ́ náà, ẹ kò gbà kí a pa tẹlifísọ̀n kí ẹni ìkẹyìn tó dé. Ọbẹ̀ á tutù, àlejò á wọlé, ẹ óò ní kí wọ́n jókòó ná, ọmọ ẹnìkan ṣì wà lọ́nà.

Nígbà tí wọ́n wá kéde pé ó di Kigali, ní ilẹ̀ Rwanda, ńṣe lẹ dìde dúró bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí ó dé ni àìsàn dá yín dùbúlẹ̀. Ẹ ní kí dókítà yára tọ́jú yín, ẹ ní ẹ ní àlejò tó ń bọ̀ láti Rwanda. Dókítà bi mí bóyá mọ̀lẹ́bí wa ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín báyìí kò ní í lọ. Ẹ kò dúró, Bàbá Délé, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọjọ́ Àìkú tí àwọn ọkùnrin gùn ún, ẹ ṣì wà ní mọ́ṣúárì, à ń retí kí àwọn ọmọ ti ìdálẹ̀ dé. Àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa kún inú ilé. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, Màmá Ṣadé, ti fi aṣọ bo tẹlifísọ̀n, torí pé ilé ọ̀fọ̀ ni. Mo ṣí aṣọ náà, mo tàn án. Màmá ní, “Ìyàwó, ṣé kò sí o?” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Ọkọ mi ló ní kí n bá òun wò ó.” Ẹ kò rán mi, mo kàn mọ̀ yín ni. Màmá ṣe hàà, ó pòṣé, nígbà tó yá ó fa àga sún mọ́ mi. Affoué, ará ilé kejì, tó wá kí mi ní “yako”, ẹ kú ọ̀fọ̀ tiwọn, náà jókòó.

Bàbá Délé, òkè ni gbogbo ìlú náà! Ibì kan wà tí wọ́n fi òkúta tẹ́, àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa bo ẹ̀bá ọ̀nà, bàbá gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n ń hó fún ẹni iwájú, wọ́n sì ń hó fún ẹni ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹni tó borí dé, gbogbo ilé dìde pé ó parí. Mo ní kí wọ́n jókòó, ọmọ ẹnìkan ṣì wà lọ́nà. Ìgbà náà ni Màmá Ṣadé, ẹni tí kò tíì sunkún látọjọ́ tí ẹ ti lọ, bú sẹ́kún.

Wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò ní í tàn yín, ọkọ mi, kò dùn. Ohun tí ẹ fi gbogbo ayé yín retí dé, mo wò ó, kò dùn mọ́ mi rárá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé èmi náà fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Àṣé ojú yín ni mo ń wò.

Ẹ sùn re o, olówó orí mi. Ẹ sùn re.

Àbẹ̀kẹ́ yín,
Ìyá Délé