Ohùn Ọ̀gá-Ọkọ̀, Ọmọ Sókè-Sílẹ̀

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ọ̀rẹ́ mi fi gbé inú àpótí. Kì í ṣe àpótí òkú o, ẹ fara balẹ̀. Lífítì ni, ẹ̀rọ agbéniròkè nínú ilé gíga kan tó kún fún ọ́fíìsì. Nígbà yẹn lífítì kì í dá ṣiṣẹ́. Ènìyàn ló máa ń jókòó sórí àga kékeré nígun rẹ̀, tó máa ń di irin ìwakọ̀ mú, tó sì máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Sókè ni àbí sílẹ̀?" Ibẹ̀ la ti sọ ọ́ ní Sókè-Sílẹ̀. Iṣẹ́ tó le níbẹ̀ kì í ṣe gígòkè, dídúró ni. Tó bá tètè fi irin sílẹ̀, lífítì á dúró sísàlẹ̀ ilẹ̀ àjà, àwọn ènìyàn á fẹsẹ̀ kọ. Tó bá pẹ́ jù, wọ́n á já bọ́. Sókè-Sílẹ̀ kì í ṣì í. Mo fi ojú ara mi rí i tí ó dúró débi pé irun orí kan kò rí àyè kọjá láàárín ilẹ̀ méjèèjì.

Èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí, atún-rédíò-ṣe ni mí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ti tú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin palẹ̀, mo tò wọ́n padà, nọ́ọ̀tì kan kò ṣẹ́kù sílẹ̀ rí. Èdè òyìnbó, ìwé atúmọ̀ èdè kan ni mo fi kọ́ ọ. Mo ka ìwé náà títí tó fi ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi.

Sókè-Sílẹ̀ bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, bàbá ló dá tọ́ ọ nínú yàrá kan àti pálọ̀ kan. Èmi ni mo fún ọmọ yìí ní kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì kan ní àjà karùn-ún ló jù ú nù, bàbá rẹ̀ gbé e wá fún mi pé bóyá irin inú rẹ̀ á wúlò. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi tún un ṣe. Ìyàwó mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò mọ ìṣirò.

Kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ni. Kò ní ojú tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n la máa ń so ó mọ́. Kò ní ibi tó ń pa nǹkan mọ́ sí, inú kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ orin ló ti ń mú nǹkan, ibẹ̀ náà ló sì ń dá a padà sí. Géèmù kan bá a wá, géèmù òwò òfurufú. Wọ́n á fún ọ ní ọkọ̀ kan tó ń fò láàárín ìràwọ̀, wọ́n á fún ọ ní owó péréte, wọ́n á wá tú ọ sílẹ̀ sáàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ayé, pẹ̀lú àwòrán kan tó ń fi ibi tí ayé kọ̀ọ̀kan wà hàn ọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ ibi tí wàá lọ. Kò sí ìpele kìíní, kò sí ìpele kejì, kò sí ibi tó parí sí. Bó o bá fẹ́, ṣòwò. Bó o bá fẹ́, jalè. Bó o bá fẹ́, máa yí ìràwọ̀ kan po títí epo rẹ fi máa tán. Ìlà funfun lásán lórí ilẹ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ rí bí àgò adìẹ tí wọ́n fi wáyà hun. Síbẹ̀ mo ka ìràwọ̀ inú rẹ̀, ó ju ti òde lọ.

Ọgbọ́n kan wà tí mo kọ́ ọmọ náà. Tó o bá fẹ́ pa ibi tó o dé mọ́, ariwo bí ìgbà tí epo gbígbóná ń ta ni kọ̀ǹpútà máa rọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ariwo yẹn ló sì jọra. Nítorí náà, kó o tó pa á mọ́, kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, sọ ibi tó o wà, kó o lè fi etí mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí, ohun yòówù tí ẹlòmíràn ì báà sọ.

Ọmọ náà mọ géèmù yìí débi pé a sọ ọ́ ní Ọ̀gá-Ọkọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan láti lọ wáṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ọkọ̀ náà dé ibi tó ń lọ. Ọmọ kò dé. Bàbá rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá títí wọ́n fi mọ ohùn ikọ́ rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tó ní, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ nù. Ohun tó kù fún un ni kásẹ́ẹ̀tì tí ọmọ náà fi pa géèmù rẹ̀ mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni ohùn ọmọ náà wà. Mo mọ̀ ọ́n lórí: "Ibùdókọ̀ ayé àwọn àgbẹ̀ nìyí o. Bàámi, ẹ má fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ yín! Ayé tó wà ní ìkángun àwòrán yẹn ni mò ń lọ. Tí mo bá dé, a jọ máa ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣẹ́ etí kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, torí pé tí etí yẹn bá ti ṣẹ́, ẹ̀rọ kì í gbà kí a gba nǹkan mìíràn lé e, àfi téèyàn bá fi bébà dí ihò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Sókè-Sílẹ̀ fi ń gbọ́ ohùn yìí lójoojúmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Á gbọ́ ọ, á yí i padà síbẹ̀rẹ̀ kí ó lè wà nílẹ̀ de ọ̀la, á wá lọ se oúnjẹ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n gbé lífítì tuntun wá, èyí tó ń dá ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ nínú rẹ̀ pé, "Àjà kẹta. Àjà kẹrin." Wọ́n ní kí Sókè-Sílẹ̀ máa lọ sinmi. Ọjọ́ kejì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi ní géèmù yẹn."

"Ìwọ? Ìwọ tí o kì í tan rédíò láì ránṣẹ́ sí mi?"

"Mo fẹ́ bá a dé ibi tó ń lọ. Ó ní a jọ máa ṣe é." Ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Àmọ́ ohùn yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Kí nǹkan kan má ṣe ohùn yẹn. Ṣé kí a kọ́kọ́ gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ná?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. "Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Etí rẹ̀ ti ṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè gba nǹkan lé e. Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó ti tú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún palẹ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lẹ sọ lánàá."

"Mo ti ṣe igba láti àárọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Bó ṣe parí síbẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a kì í pa mọ́. Pálọ̀ rẹ̀ la ti ń ṣe é, lọ́sàn-án, a ta aṣọ bo fèrèsé kí oòrùn má baà pa ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Má kánjú," ni mo máa ń sọ. "Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ. Kó o tó kúrò ní ibùdókọ̀, ka iye ọjà ná. Ra oúnjẹ níbi tí àwọn àgbẹ̀ wà, gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, kó o sì ra ẹ̀rọ bọ̀. Má fi ikùn ọkọ̀ rìn lófìfo."

"Bíi lífítì ni. Tí mo bá gbé èèyàn dókè, mo máa ń wá ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀."

"O ṣeun. Má gbé ẹrù tí òfin kà léèwọ̀. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọlọ́pàá òfurufú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"Ti ilẹ̀ níbí náà kò gbọ́ tèmi."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Má yà sí ayé tí kò ní ìjọba, àwọn ọlọ́ṣà ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ibikíbi tó o bá dé láyọ̀, pa á mọ́ lójú ẹsẹ̀. Má sì fò kọjá ibi tí epo rẹ lè gbé ẹ padà."

"Ṣé ó mọ ìyẹn?"

"Ta ni?"

"Ọmọ mi. Ti epo tó máa gbé e padà."

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ohun tó ń pa àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jù ni wíwọ ibùdókọ̀. Ibùdókọ̀ inú géèmù yìí ń yí bíi táyà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há, ọkọ̀ rẹ náà sì gbọ́dọ̀ máa bá a yí, kó rọra, kó wọlé tààrà. Èmi fúnra mi fọ́ ọkọ̀ mẹ́rin sára rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n; ogójì ni, tí mo bá máa sọ òótọ́. Sókè-Sílẹ̀ fọ́ ẹyọ kan. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó di ọwọ́ ìdarí mú bí ẹni di irin lífítì mú, ó mí sínú, ó sì dúró. Ọkọ̀ wọlé láì kan ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó wojú mi, eyín rẹ̀ hàn. Láti ọdún mọ́kànlá, mi ò tíì rí eyín yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan la gbé ọkọ̀ ọmọ náà jáde. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà, a sì jẹ́ kí ariwo wọnú kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ náà yọ lójú tẹlifíṣọ̀n níbi tí ọmọ fi í sí, pẹ̀lú oúnjẹ tó ti rà sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la fò. Ọlọ́ṣà méjì lé wa. Ogún ni wọ́n tí mo bá ń sọ ọ́ níbòmíràn, àmọ́ méjì ni. Nígbà tó di aago mẹ́rin ku díẹ̀, Sókè-Sílẹ̀ mú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ wọ ibùdókọ̀ ayé tó wà ní ìkángun àwòrán.

Ìwé iye ọjà yọ. Oúnjẹ. Aṣọ. Ẹ̀rọ. Wúrà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

"Ṣé ohun tó wà níbí nìyí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Bí gbogbo ibùdókọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Kò sí nǹkan mìíràn? Kò fi nǹkan kan síbí?"

"Kò dé ibí rí, àbúrò mi. Àwa la kọ́kọ́ dé."

Orí rẹ̀ tẹ̀. Mo wá ohun tí mo fi máa tù ú nínú, mo ní ká pa á mọ́, kó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ọmọ náà dé níkẹyìn, títí láé. Kásẹ́ẹ̀tì mìíràn kò sí nílé. Iná ti ń ṣẹ́jú, tẹlifíṣọ̀n ń fún pọ̀; tí iná bá lọ, ibi tí a dé ti sọnù nìyẹn. Mo ní kó má mikàn, ìdajì kásẹ́ẹ̀tì náà ṣófo. Mo yí i dé àárín, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo jáde lọ tọrọ bébà tó ń lẹ̀ lọ́wọ́ aránṣọ tó wà ní ilé kejì, kí n lè fi dí ihò etí rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ yìí, ọ̀rẹ́ mi tó dé ìkángun ayé tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀ wá nǹkan gbọ́. Ó yí i padà, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó sì yí i síbẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Kò sọ fún mi. Èmi náà kò béèrè. Ojú fèrèsé kásẹ́ẹ̀tì wà níwájú mi, gbogbo okùn inú rẹ̀ wé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ ọlọ́dún méje á ti rí i. Èmi kò wò ó. Èmi tí mo ti tú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún palẹ̀. Mo lẹ bébà mọ́ ọn, mo tẹ bọ́tìnì, mo sì sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ bí ọgbọ́n tí mo dá: "Èmi ọ̀gá nínú àwọn ọ̀gá, èmi tí mo kọ́ ọmọ tí mo tún kọ́ bàbá, mo dúró níbi tí ìràwọ̀ parí sí, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé a ti dé!" Mo ṣì fi díẹ̀ kún un. Ká ní mo mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣókí ni, bóyá ẹ̀rín ọmọ náà ì bá ṣẹ́kù.

Sókè-Sílẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó lọ." Ó yí i síbẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi ló jáde.

Ó jókòó, ó gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ariwo. Kò pariwo mọ́ mi, kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ bá mi pa ẹ̀rọ náà."

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á béèrè bóyá ohùn kan lè wà lábẹ́ ohùn mìíràn. Mo ní ó lè wà, mo ní mo ti rí irú rẹ̀ rí, mo ní ó kù díẹ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, kò béèrè ìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń kúrò létí mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà, mi ò rántí bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ rí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sín gbogbo ayé jẹ. Báwo ló ṣe máa ń pe 'Bàámi' yẹn?"

Lóòótọ́ ni. Kò sẹ́ni ládùúgbò yìí tí n kò lè sín jẹ, látorí onílé mi dórí ìyàwó mi. Mo la ẹnu. Mo wá a, mo wá a, mi ò rí nǹkan kan gbé jáde.

Ó dúró dè mí títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ó di Ọjọ́bọ̀."